Ohun Tó Fa Àrùn àti Ohun Tí A Ṣe fún Aláìsàn: Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Àrùn Ọpọlọ Láàárín Àwọn Aládùúrà

Ó ti ń di àṣà àwọn onímọ̀ kan láti máa sọ pé ìgbàgbọ́ àwọn Aládùúrà nínú ẹ̀mí àìmọ́ ló so ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́. Ẹ̀rí rẹ̀ ni kò fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Àwọn ìjọ Aládùúrà, ìyẹn àwọn ìjọ Kristẹni Yorùbá tó gbára lé àdúrà fún ìwòsàn, gbilẹ̀ nígbà ìsọjí wòlíì Babalọlá ní Iléṣà lọ́dún 1930. Ìjà kuiníní tó tẹ̀ lé e ni àwọn aláríwísí Aládùúrà máa ń gbé jáde: àwọn míṣọ́nnárì láti Bìrìtìkó ń lo kuiníní sí ibà, àwọn aṣáájú tó wá di Christ Apostolic Church ní àdúrà tó, ni ìjọ bá pín. Kí ni kuiníní fi kan wèrè? Oògùn pàápàá kò ṣàjèjì sí Kristẹni ibẹ̀: ní Iléṣà yìí kan náà, ilé ìwòsàn Wesley Guild ti àwọn Mẹ́tọ́díìsì ti ń fún aláìsàn lóògùn kí ìsọjí tó dé. Ní Abẹ́òkúta, àwọn Kátólíìkì ti dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ láti 1895.

Ohun tí àwọn aláríwísí wọ̀nyí pò pọ̀ nìyí: ohun tí ènìyàn gbà pé ó fa àrùn, àti ohun tí ó ṣe fún ẹni tí àrùn ń ṣe. Nínú ìwádìí tí Oyè Gureje àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2005, wọ́n bi àwọn ènìyàn tó lé ní 2,000 nílẹ̀ Yorùbá léèrè ohun tó ń fa àrùn ọpọlọ. Nǹkan bí 30 nínú 100 dárúkọ ẹ̀mí àìmọ́, ṣùgbọ́n nǹkan bí 80 nínú 100 dárúkọ ìlòkulò oògùn olóró tàbí ọtí. Ẹnu kan náà ń sọ méjèèjì. Ìyá tó ní ayé ló ṣe ọmọ òun yóò tún bi í pé kí ló ń fà símú.

Adéoyè Lambo, oníṣègùn ọpọlọ tó jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta, mọ èyí. Láti 1954 ni àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò ní Abẹ́òkúta ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ sílé àwọn ará abúlé, tí ìbátan kan ń bá wọn gbé, tí ó ń se oúnjẹ wọn, tí wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn. Lambo gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ síṣẹ́. Kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ sẹ́ ohun tó gbàgbọ́.

Ìwádìí kan tí Gureje àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Ìbàdàn àti Kumasi, tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet tẹ̀ jáde lọ́dún 2020, tún fi hàn pé ìtọ́jú lè ṣiṣẹ́ láìsẹ́ ìgbàgbọ́. Aláìsàn 307 ni, lọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ àti wòlíì, tí wọ́n pín sí apá méjì. Ní apá kan, òṣìṣẹ́ ìlera ń wá bá wọn níbẹ̀, ó ń fún wọn lóògùn. Wòlíì ń gbàdúrà rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìwọ̀n àrùn apá yìí jẹ́ 53.4, ti apá kejì 67.6; èyí tó kéré ló sàn. Ìyà àti ìdè dínkù gidigidi ní apá méjèèjì, láìjẹ́ pé wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni pa ẹ̀kọ́ ìjọ rẹ̀ tì.

Ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ Human Rights Watch náà, nínú ìròyìn wọn ti 2019 lórí Nàìjíríà, bá ìdè nílé ìjọba, lọ́dọ̀ Mùsùlùmí, lọ́dọ̀ Kristẹni àti lọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀. Ẹ̀mí àìmọ́ wo ni ìjọba ń lé?

Kò yẹ kí a sọ ju ẹ̀rí lọ. Ìlú méjì péré ni ìwádìí Lancet náà dé, oṣù mẹ́fà kò sì pẹ́. Wàásù mìíràn sì lè dá kún ìdè náà. Síbẹ̀, ó jọ pé àìsí bẹ́ẹ̀dì, àìsí nọ́ọ̀sì àti àárẹ̀ ẹbí ló ń so aláìsàn mọ́lẹ̀ ju ẹ̀kọ́ ìjọ lọ.

Ẹnì kan ṣì wà tí ẹnikẹ́ni kò kà: òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ìsoríkọ́ ń bá jà fúnra rẹ̀. Èlíjà tọrọ ikú nínú aginjù. Oorun àti oúnjẹ ló kọ́kọ́ rí gbà, kí iṣẹ́ tuntun tó dé. Ta ló ń gbé oúnjẹ fún wòlíì òde òní, tí ìjọ rẹ̀ ń retí pé kò gbọdọ̀ rẹ̀ ẹ́? Òfin ìlera ọpọlọ Nàìjíríà tí wọ́n fọwọ́ sí ní Oṣù Kìn-ín-ní 2023 ti rọ́pò òfin wèrè àtijọ́, ṣùgbọ́n òfin kì í wọ yàrá àlùfáà. Ibẹ̀ ni ìwádìí tó kàn yóò gbà. Ìjọ tó bá ní àkọsílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tó gba ìsinmi nítorí àìsàn ọkàn, kí ó yọ orúkọ kúrò, kí ó sì jẹ́ kí àwọn olùwádìí rí i.