Ẹnìkan Kì í Jẹ́ Àwá Dé: Àlàyé Lórí Ẹni Tó Ń Dá Gba Òpópónà Dempster

Ẹnìkan kì í jẹ́ "àwá dé." Ìtumọ̀ rẹ̀ kò fara sin: ẹni tó dá wọlé kò lè máa kí ará ilé bí ẹni pé èrò pọ̀ lẹ́yìn òun. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń fà yọ níbẹ̀ ni pé kí ènìyàn má dá rìnrìn àjò, àgàgà ọ̀nà jíjìn. Èmi kò rò pé iye orí ni àwọn àgbà ń kà nígbà tí wọ́n pa á.

Òpópónà Dempster ní àríwá Kánádà ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó yà kúrò lára títì Klondike ní nǹkan bí kìlómítà 40 sí ìlú Dawson, ó sì gùn ju kìlómítà 730 lọ kó tó dé Inuvik. Ọdún 1959 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í là á; ó di 1979 kí wọ́n tó ṣí i. Nígbà ooru, àwọn kan máa ń dá wa ọkọ̀ gba ibẹ̀, inú ọkọ̀ náà ni wọ́n sì ń sùn. Láti ẹnu ọ̀nà, ó di kìlómítà 369, ní Eagle Plains, kí wọ́n tó rí epo rà. Fóònù kì í ṣiṣẹ́ ní ibi tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Bí a bá sọ báyìí, ẹni tó ń gbọ́ á ní béárì ni yóò pa wọ́n jẹ. Béárì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n táyà ló máa ń kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà náà, ẹnu òkúta ọ̀hún sì mú. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ ibẹ̀ fi ń gbé táyà sípíà méjì. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìjọba kò rówó da ọ̀dà sí i ni. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ dídì, tí kì í yọ́ láti ọdún dé ọdún. Bí ooru bá kàn án, yóò yọ́, ọ̀nà yóò sì rì. Òkúta tí wọ́n kó lé e lórí, tó nípọn ju mítà kan lọ, tó sì ju méjì lọ níbòmíràn, ni kò jẹ́ kí ooru ráyè. Nítorí ilẹ̀ dídì yìí kan náà ni wọ́n ṣe gbé ilé lé orí òpó ní Inuvik.

Oorun inú ọkọ̀ pàápàá, òtútù kọ́ ni olórí ewu rẹ̀. Ẹni tó bá tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kí ara rẹ̀ lè móoru, tí yìnyín wá dí ẹnu ọ̀pá èéfín, èéfín á ṣẹ́rí padà wọlé bá a. Gáàsì tó ń pani nínú rẹ̀ kò ní òórùn rárá. Ó yẹ kí èyí yé wa ju ẹlòmíràn lọ, àwa tí jẹnẹrétọ̀ ti gba ẹ̀mí odindi ìdílé lọ́wọ́ wa lójú oorun. Kí ó pa ẹ́ńjìnnì, kí ó wọ àpò ìsùn tó nípọn, kí ó ṣí gíláàsì díẹ̀. Bó bá jẹ́ oṣù Kẹfà, kí ó fi aṣọ bo fèrèsé pẹ̀lú, torí oòrùn kì í wọ̀ ní Inuvik nígbà náà, awakọ̀ sì lè máa wakọ̀ lọ láìmọ̀ pé ó ti rẹ òun.

Òwe wa ńkọ́? Orúkọ ọ̀nà náà ni yóò dá wa padà sí i. Ní oṣù Kejìlá 1910, ọ̀gá ọlọ́pàá kan, Francis Fitzgerald, kó àwọn mẹ́ta mìíràn kúrò ní Fort McPherson, wọ́n ń lọ sí Dawson, ajá ló ń fa ẹrù wọn. Wọ́n pé mẹ́rin, lójú ẹni tó ń ka orí, wọ́n tó ẹni tó ń jẹ́ "àwá." Ṣùgbọ́n nítorí kí wọ́n lè tètè dé, wọ́n dín oúnjẹ kù. Esau George, ọmọ ẹ̀yà Gwich'in tó mọ ilẹ̀ náà, bá wọn rìn díẹ̀, wọ́n sanwó fún un, wọ́n ní kó máa lọ. Carter, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà, tí wọ́n gbójú lé pé ó mọ ọ̀nà, kò gba ọ̀nà náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ rí, láti òdìkejì sì ni. Wọn kò rí odò tó yẹ kí wọ́n yà sí. Nígbà tí wọ́n ṣẹ́rí padà, ajá wọn ni wọ́n ń pa jẹ. Kò sí ẹni tó yè nínú wọn. Fitzgerald àti Carter kú nígbà tó ku nǹkan bí kìlómítà 40 kí wọ́n padà dé Fort McPherson.

Àwọn tó ń retí wọn ní Dawson ló fura. Wọ́n rán William Dempster, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òpópónà náà, ní ìparí oṣù Kejì 1911; Charlie Stewart, ọmọ Gwich'in, wà lára àwọn tó bá a lọ. Wọ́n rí òkú wọn nínú oṣù Kẹta.

Aginjù tí kò lẹ́ni ni ọ̀pọ̀ ń pe ilẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n àwọn Gwich'in ti ń dọdẹ ẹran caribou níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí ọlọ́pàá kankan tó débẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó dá wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, tó béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ onílẹ̀, tí ẹnìkan sì mọ ọjọ́ tó yẹ kó dé, ó sàn ju àwọn mẹ́rin yẹn lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ bá ń gbèrò àtilọ, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ máa dé fún ẹnìkan, kí ẹ sì béèrè nípa odò kí ẹ tó gbéra. Kò sí afárá lórí odò Peel àti Mackenzie tí ọ̀nà náà gbà kọjá. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé mọ́tò kọjá nígbà ooru, orí yìnyín ni wọ́n ń gbà nígbà òtútù. Nígbà tí yìnyín bá ń dì tàbí tó ń yọ́, kò sí mọ́tò tó lè kọjá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.