Ta Ni Yóò Tọ́jú Ẹ̀rọ Náà? Ìtàn Koríko Gígé ní Owódé

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Nínú gbogbo ohun tí òyìnbó gbé dé ilẹ̀ wa, èwo ló ṣàjèjì sí wa jù? Àwọn kan á ní ọkọ̀ ojú irin ni, àwọn mìíràn á ní tẹlifóònù. Ní tèmi o, mo gbà pé koríko ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kí ènìyàn gbin koríko síwájú ilé ara rẹ̀, kí ó máa bomi rin ín, kí ó hù tán, kí ó wá gbé irin tì í láti gé e, kí ó sì tún máa retí pé kó hù padà! Irú rẹ̀ kò sí nínú ìṣe àwọn bàbá wa.

Ní Owódé tiwa yìí, àgbàlá tó mọ́ ni èyí tí ilẹ̀ rẹ̀ hàn gbangba. Kì í ṣe Owódé Ẹ̀gbá ni mò ń wí, kì í sì í ṣe Owódé Onírin ní Èkó. Owódé ti Yewa ni, lójú ọ̀nà tó ti Ọ̀tà lọ sí Ìdírókò, níbi tí ọ̀nà Ìlarò ti yà. Ìyàwó ilé á jí, á fi ọwọ̀ gbálẹ̀, ilẹ̀ á dán. Ilé tí koríko bá ti hù dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, a mọ̀ pé ahoro ni, tàbí pé ejò ti gba ibẹ̀ lọ́wọ́ onílé. Yàtọ̀ sí bẹẹrẹ tí wọ́n fi ń bo ilé, kí ni àgbẹ̀ fẹ́ fi koríko ṣe? Ẹ̀kan ni ọ̀tá rẹ̀. Àdá àti ọkọ́ ló sì ní fún un.

Nígbà tí ìjọba òyìnbó fìdí múlẹ̀ ní Ìlarò ní àwọn ọdún 1890 ni ọ̀rọ̀ náà yí padà. Ìlarò di olú ìlú ẹkùn Ẹ̀gbádò, orúkọ tí wọ́n ń pe agbègbè wa kó tó di Yewa ní 1995. Ibi tí Ajẹ́lẹ̀ bá kọ́lé sí, koríko ní láti wà níwájú rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ kúrú. Ta ni yóò gé e? Ẹlẹ́wọ̀n ni. Wọ́n á tò wọ́n sójú kan, wọ́dà á dúró lẹ́yìn wọn, wọ́n á sì máa ju láńgaláńga, irin pẹlẹbẹ gígùn tí wọ́n tẹ ẹnu rẹ̀ tí wọ́n sì pọ́n ọn. Bákan náà ni ẹ̀gbẹ́ ojú irin tó gba Ìfọ̀ lọ sí Ìlarò àti Ìdógò: ọwọ́ ènìyàn ló ń pa igbó rẹ̀.

Kì í ṣe nítorí ẹwà nìkan o. Ní 1897 ni dókítà Ronald Ross fi hàn pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri. MacGregor tó ṣe gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904, tí òun náà jẹ́ dókítà, gbógun ti ẹ̀fọn gidigidi. Láti ìgbà náà ni igbó tó yí ilé ká ti di ẹ̀ṣẹ̀ lójú ìjọba. Wolé-wolé dé, ó ń wo kòtò, ó ń wo àmù, ó ń wo ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tí igbó rẹ̀ bá ga, ilé ẹjọ́ yá.

Lẹ́yìn ẹlẹ́wọ̀n, àwa ọmọ ilé ìwé ló kàn. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní 1955, ilé ìwé pọ̀ sí i, pápá bọ́ọ̀lù náà sì pọ̀ sí i. Èmi náà gé tèmi. Bí ọ̀sẹ̀ kìíní sáà bá ti dé, àdá ṣáájú ìwé. Wọ́n á wọn ilẹ̀ fún kálukú, ọwọ́ á bó, ẹ̀yìn á ro, bẹ́ẹ̀ ni tíṣà á ní, “Ìdí koríko yìí ò tíì lọ o!” Nígbà tí ìjọba ológun bẹ̀rẹ̀ ìmọ́tótó àyíká ní àwọn ọdún 1980, gbogbo ilé ló tún gbé àdá.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀yìn ríro yìí sílẹ̀ ná, ká ré òkun kọjá.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dòjé gígùn ni wọ́n ń fi gé koríko iwájú ilé ọlọ́lá títí di 1830. Lọ́dún náà ni Edwin Budding, ará agbègbè Stroud, ṣe ẹ̀rọ ìgékoríko àkọ́kọ́. Ilé iṣẹ́ aṣọ ló ti rí ọgbọ́n rẹ̀: ó wo irin tó ń yí bìrí, tí wọ́n fi ń rẹ́ irun orí aṣọ kí aṣọ lè dán, ó wá ronú pé ohun tó ń rẹ́ irun aṣọ lè rẹ́ irun ilẹ̀. Ní 1832, ilé iṣẹ́ Ransomes ní Ipswich bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é tà. Ó wúwo, ẹnìkan á máa tì í, ẹlòmíràn á máa fà á. Nígbà tó yá, ẹṣin ni wọ́n ń so mọ́ àwọn ńláńlá, kí Ransomes tó gbé èyí tó ń lo epo bẹntiróò jáde ní 1902. Ní Amẹ́ríkà, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa kan, John Albert Burr, gba ìwé àṣẹ ní 1899 fún àtúnṣe tirẹ̀, kí koríko tí a gé má baà há ẹ̀rọ lẹ́nu, kó sì lè gé dé ìdí ògiri. Ní 1971, George Ballas ní ìlú Houston rí búrọ́ọ̀ṣì tó ń yí nídìí ibi ìfọmọ́tò. Ó gbé agolo, ó ki okùn ìpẹja bọ inú rẹ̀, ó fi ẹ̀rọ yí i. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń fi okùn gé koríko ti bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni irú ẹ̀rọ wọ̀nyí ṣe wá kan àwa? Owó epo rọ̀bì ni. Ní àkókò owó Údójì, ní nǹkan bí 1975, owó wà láti fi kó ẹ̀rọ wọlé. Àwọn yunifásítì bí Ìbàdàn àti Ifẹ̀ ní pápá tó lọ salalu. Ìlarò náà gba Políkitẹ́níìkì ìjọba àpapọ̀ ní 1979. Ṣùgbọ́n nígbà tí SAP dé ní 1986, tí náírà já wálẹ̀, ẹni tó ra ẹ̀rọ kò rí owó ra páàtì mọ́.

Mo fi ojú mi rí i. Ilé ìwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun, àwọn òbí ló dá owó rẹ̀. Ọjọ́ tó dé, a pàtẹ́wọ́. Kò pé oṣù mẹ́ta tó fi kú. Wọn kò fún aṣọ́gbà ní kọ́bọ̀ fún ọ́ìlì, kò sẹ́ni tó fi ibi tí wọ́n ń dà á sí hàn án, kò sì sẹ́ni tó ṣa òkúta pápá. Bíléèdì fọ́, ẹ́ńjìnnì jóná. Nígbà tó yá, adìyẹ ń yé ẹyin sórí rẹ̀ nínú yàrá ẹrù, àwọn ọmọ sì padà sídìí àdá. Gbogbo ẹni tó kọjá ń bú aṣọ́gbà. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n fún un, wọn ò fún un ní ohun tí yóò fi bọ́ ọ.

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ mi nìyí: ẹ̀rọ tó dára jù kọ́ ni ká rà, èyí tí a lè tọ́jú ni. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi koríko gígé jẹun ní Owódé mọ èyí. Èyí tó ní bíléèdì rólá bíi ti Budding, orí ilẹ̀ títẹ́jú bíi pápá gọ́ọ̀fù ló wà fún; òkúta kékeré kan á bà á jẹ́. Onítáyà tí a ń tì, tí bíléèdì rẹ̀ ń yí nísàlẹ̀, dára fún pápá ilé ìwé tí kò ní kùkùté. Ṣùgbọ́n èyí tí a ń gbé kọ́ èjìká ló gba ìlú wa. Ó ń wọ ẹ̀gbẹ́ kòtò, ó ń yí ibojì ká, ó ń gé ẹ̀kan, ó sì ṣeé gbé sẹ́yìn ọ̀kadà lọ sí Ajílété tàbí Ìlarò. Mẹkáníìkì tó ń tún ọ̀kadà ṣe náà sì mọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dáadáa.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Àwọn ẹ̀rọ èjìká kan ń mu ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo: òmíràn gba lítà ọ́ìlì kan sí lítà epo 25, òmíràn sí 50. Ìwé tó bá a wá ni kí ẹ tẹ̀lé. Ẹni tó bá dá epo nìkan sí i ti pa á. Èyí tí ọ́ìlì rẹ̀ dá wà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó ṣíná, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti ṣiṣẹ́ tó bíi wákàtí 50. Ẹ máa gbọn eruku asẹ́ tí ẹ̀rọ fi ń mí. Ẹ pọ́n bíléèdì, nítorí èyí tó kú ń fa koríko ya ni, ó sì ń jẹ epo. Kí ẹ tó fọwọ́ kan bíléèdì, ẹ yọ wáyà orí pílọ́ọ̀gì. Ìka kì í hù bíi koríko.

Lọ́jọ́ òní, ọ̀rọ̀ epo ló dé góńgó. Ní oṣù kọkànlá 2019, ìjọba ní kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo tí kò jìnnà tó kìlómítà 20 sí ẹnubodè, àwọn ará Ìdírókò sì mọ̀ ọ́n lára. Ní 29 oṣù karùn-ún 2023, ìrànwọ́ orí epo dópin: lítà tí kò tó 200 náírà di bíi 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó sì ju 1,000 lọ kí 2024 tó parí. Àwọn kan sá sídìí oògùn apakoríko. Ṣùgbọ́n NAFDAC ti fòfin de paraquat láti oṣù kìíní 2024, torí májèlé tó ń gbẹ̀mí ni.

Nítorí náà, bí ọ̀dọ́kùnrin náà bá dá iye owó lé iṣẹ́ rẹ̀, ẹ má ṣe sọ pé koríko lásán ni. Epo wà nínú owó náà, ọ́ìlì wà níbẹ̀, páàtì wà níbẹ̀, ẹ̀yìn tó ń ro sì wà níbẹ̀. Láyé Ajẹ́lẹ̀, ẹlẹ́wọ̀n gé e lọ́fẹ̀ẹ́. Láyé tiwa, ọmọ ilé ìwé gé e lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó fowó ara rẹ̀ ra ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n ẹnikẹ́ni. Owódé ni orúkọ ìlú wa. Ẹ jẹ́ kí owó dé ọwọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́.