Lẹ́yìn tí ìjọba bá ti ná owó tán: Báwo ni ilé aṣòfin àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ń béèrè ìṣirò?

Lọ́dọọdún ni ààrẹ Nàìjíríà máa ń gbé àbá ìṣúná lọ síwájú ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Abuja. Ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán a gbé ètò náà sáfẹ́fẹ́, àwọn aṣòfin a pàtẹ́wọ́, ìwé ìròyìn ọjọ́ kejì a sì kọ iye tílíọ̀nù tó wà nínú rẹ̀ gàdàgbà sójú ewé àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìwé àyẹ̀wò owó tí ìjọba ti ná bá dé ilé aṣòfin kan náà, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni pàtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìwé kejì yìí ló ń sọ bóyá owó tí ìwé àkọ́kọ́ ṣèlérí dé ilé ìwòsàn, ojú ọ̀nà àti ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ yà á sọ́tọ̀.

Agbára tí ìwé òfin ọdún 1999 gbé lé ilé aṣòfin lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ owó kì í ṣe kékeré. Abala 80 sọ pé owó tó bá wọlé fún ìjọba àpapọ̀, àyàfi èyí tí òfin bá yà sọ́tọ̀, gbọ́dọ̀ wọ inú àpò kan ṣoṣo, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ mú kọ́bọ̀ jáde níbẹ̀ bí kò bá sí òfin tó fàyè gbà á. Abala 81 ló ní kí ààrẹ gbé àbá ìṣúná wá síwájú ilé méjèèjì: ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà tó ní ọmọ ilé 109, àti ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin tó ní 360. Bí ààrẹ bá kọ̀ láti buwọ́lu ìṣúná tí wọ́n ti fọwọ́ sí, tí ọgbọ̀n ọjọ́ sì kọjá, ilé méjèèjì lè jókòó pọ̀, kí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn sọ ọ́ di òfin láìsí ìbuwọ́lù rẹ̀.

Kí ìṣúná tó dé, ìwé kan a máa ṣáájú rẹ̀. Òfin ìmójútó ìnáwó ìjọba ti ọdún 2007 ní kí ìjọba kọ́kọ́ gbé ètò ìnáwó ọdún mẹ́ta wá. Inú rẹ̀ ni yóò ti sọ iye tó rò pé wọn yóò máa ta àgbá epo rọ̀bì kan, iye àgbá tí wọn yóò máa wa jáde lójúmọ́, àti iye náírà tí yóò máa jẹ́ dọ́là kan. Ìwé yìí kì í sábà gba àfiyèsí, ṣùgbọ́n bí òǹkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti wọ́, ìṣúná tó bá dúró lé wọn lórí yóò wọ́ pẹ̀lú.

Lẹ́yìn tí ilé bá ka àbádòfin ìṣúná lẹ́ẹ̀kejì, ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yóò pe mínísítà àti àwọn ọ̀gá àjọ wá láti gbèjà iye tí wọ́n béèrè. Níbẹ̀ ni àṣírí ti máa ń tú nígbà mìíràn. Ní oṣù Kejì ọdún 2016, Ọ̀jọ̀gbọ́n Isaac Adéwọlé, tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera nígbà náà, sọ fún ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà pé àwọn òǹkà tó wà níwájú wọn kì í ṣe èyí tí iléeṣẹ́ òun fi ránṣẹ́. Láti ọdún náà ni ọ̀rọ̀ kíki owó bọ inú ìṣúná ti di ohun tí tẹrú tọmọ ń sọ.

Ṣé ilé aṣòfin tilẹ̀ láṣẹ láti yí òǹkà ìṣúná padà? Ìwé òfin kò là á sílẹ̀ ní pàtó, ibẹ̀ sì ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́lu ìṣúná ọdún 2018 ní ogúnjọ́ oṣù Kẹfà ọdún náà, ó fi ẹ̀hónú hàn pé àwọn aṣòfin gé bílíọ̀nù 347 náírà kúrò nínú owó àwọn iṣẹ́ 4,700, wọ́n sì ki iṣẹ́ tiwọn 6,403 bọ̀ ọ́, tí owó rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 578 náírà. Èsì àwọn aṣòfin sí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kì í yí padà: wọ́n ní aráàlú kò rán àwọn wá láti kàn máa tẹ òǹtẹ̀ lu ohunkóhun tí ìjọba bá gbé wá.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, inú ilé gan-an ni ẹ̀sùn ti ń jáde. Abdulmumin Jibrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nípò alága ìgbìmọ̀ ìṣúná ilé aṣojú-ṣòfin, fẹ̀sùn kan àwọn aṣáájú ilé ní oṣù Keje ọdún 2016 pé wọ́n ki owó bọ inú ìṣúná. Wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì dá a dúró fún 180 ọjọ́ ìjókòó. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Sẹ́nétọ̀ Abdul Ningi sọ ohun tó jọ ọ́, pé tílíọ̀nù 3.7 náírà inú ìṣúná ọdún náà kò ní iṣẹ́ kan pàtó tí wọ́n kọ ọ́ mọ́. Ilé aṣòfin àgbà já ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní irọ́, wọ́n sì dá òun náà dúró fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n tó pè é padà ṣáájú àkókò. Nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, olùfisùn ló kọ́kọ́ jìyà.

Ìwádìí àti ààlà rẹ̀

Abala 88 àti 89 ló fún ilé aṣòfin láṣẹ láti ṣe ìwádìí, láti pe ẹlẹ́rìí, kódà láti ní kí wọ́n lọ mú ẹni tó bá kọ̀ láti yọjú. Àmọ́ àṣẹ náà ní ààlà: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ nítorí òfin tí wọ́n fẹ́ ṣe, tàbí láti tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́, àìṣedéédéé àti ìfowóṣòfò nínú iṣẹ́ tí owó ìjọba ń gbé ró. Tony Momoh, olóòtú ìwé ìròyìn Daily Times nígbà náà, gbé ilé aṣòfin àgbà lọ sílé ẹjọ́ lórí irú ìwé ìpè bẹ́ẹ̀ nígbà ìjọba alágbádá kejì. Ilé ẹjọ́ sọ pé agbára náà kò sọ ilé aṣòfin di ẹni tó lè máa yẹ ìwà gbogbo aráàlú wò.

Kò sí ìwádìí tó fi agbára yìí àti àìlera rẹ̀ hàn tó ti owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò. Ní oṣù Kíní ọdún 2012, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ náà tí inú sì bí aráàlú, ilé aṣojú-ṣòfin pe ìpàdé pàjáwìrì ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n sì gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ Farouk Lawan. Àbọ̀ ìgbìmọ̀ náà ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu: bílíọ̀nù 245 náírà ni ìṣúná ọdún 2011 yà sọ́tọ̀ fún owó ìrànwọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n san ju tílíọ̀nù 2.5 lọ. Ìgbìmọ̀ ní kí àwọn iléeṣẹ́ epo àti àwọn àjọ ìjọba dá owó tó lé ní tílíọ̀nù kan padà.

Kò pẹ́ tí ẹ̀sùn fi yí padà kan alága fúnra rẹ̀. Wọ́n ní ó gba 500,000 dọ́là lọ́wọ́ oníṣòwò epo, Fẹ́mi Ọ̀tẹ́dọlá, kí ó lè yọ orúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀ kúrò nínú àwọn tó jẹ̀bi. Ilé ẹjọ́ gíga ní Abuja rán an lẹ́wọ̀n ọdún méje ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dín in kù sí márùn-ún, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fi òǹtẹ̀ lu ìyẹn ní oṣù Kíní ọdún 2024. Láti ọjọ́ ìwádìí títí di ọjọ́ ìdájọ́ ìkẹyìn jẹ́ ọdún méjìlá. Ìwà ẹnìkan sì ti ba iṣẹ́ tó kan gbogbo orílẹ̀-èdè jẹ́, nítorí àwọn tí àbọ̀ náà bá wí rí ohun tí wọ́n fi lè ṣàtakò rẹ̀.

Ìwé àyẹ̀wò

Abala 85 ló gbé iṣẹ́ àyẹ̀wò lé ọ̀gá àgbà olùyẹ̀wò owó ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́. Láàrin 90 ọjọ́ tí olùṣirò owó àgbà bá fi ìwé ìṣirò ìjọba ránṣẹ́ sí i ni ó gbọ́dọ̀ gbé àbọ̀ àyẹ̀wò rẹ̀ lọ síwájú ilé méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn yẹn dáadáa. Kì í ṣe ọjọ́ tí ọdún ìnáwó parí ni a ti ń ka 90 ọjọ́ náà bí kò ṣe ọjọ́ tí ìwé bá dé, abala náà kò sì dá ọjọ́ tí ìwé gbọ́dọ̀ dé. Nítorí náà, ó máa ń tó ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí àbọ̀ ọdún kan tó dé ọ̀dọ̀ aṣòfin. Mínísítà lè ti kúrò nípò, akọ̀wé àgbà lè ti fẹ̀yìn tì. Àyẹ̀wò ọ̀pọ̀ àjọ tí òfin dá sílẹ̀ pàápàá kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ tààrà: orúkọ àwọn ayẹ̀wéwò aládàáni tí wọ́n lè yàn ni ó máa ń fún wọn, kí ó tó sọ tẹnu rẹ̀ lórí ohun tí àwọn yẹn bá kọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn òmìnira, òfin ọdún 1956, tí àwọn òyìnbó amúnisìn ṣe, ni iṣẹ́ náà ṣì gbára lé.

Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìṣirò owó ìjọba wò ni ìwé náà ń lọ bá ní ilé kọ̀ọ̀kan. Àṣà ni pé ọmọ ẹgbẹ́ alátakò ni wọ́n máa ń fi ṣe alága rẹ̀, kí ojú má bàa ti ẹnikẹ́ni láti béèrè ọ̀rọ̀. Ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun méjì, Wọlé Òkè àti Bámidélé Salam, ló ti wà nípò náà tẹ̀lé ara wọn ní ilé aṣojú-ṣòfin, ẹgbẹ́ PDP ni àwọn méjèèjì sì ti wọlé nígbà tí APC ń ṣèjọba. Ìgbìmọ̀ lè pe ọ̀gá àjọ, ó lè ní kí wọ́n dá owó padà, ṣùgbọ́n àbá ni gbogbo rẹ̀. Bí ilé bá fọwọ́ sí i, ọwọ́ ìjọba kan náà àti àwọn àjọ bíi EFCC àti ICPC ni ìmúṣẹ wà.

Ní Ghana, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Abala 187 ìwé òfin wọn ti ọdún 1992 fún olùyẹ̀wò owó àgbà fúnra rẹ̀ láṣẹ láti kọ ìnáwó tó bá lòdì sí òfin, kí ó sì di gbèsè sí ọrùn ẹni tó ná an. Wọn kò lo àṣẹ náà bó ṣe yẹ títí tí ẹgbẹ́ OccupyGhana fi lọ sílé ẹjọ́ tó ga jù lọ, tí ìyẹn sì pàṣẹ ní oṣù Kẹfà ọdún 2017 pé dandan ni kí ó lò ó.

Ilé aṣòfin Nàìjíríà pàápàá ní ìṣirò tirẹ̀ láti ṣe. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìlà kan ṣoṣo ni owó rẹ̀ máa ń jẹ́ nínú ìṣúná, láìsí àlàyé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, lẹ́yìn tí àwọn ajìjàgbara ti pariwo títí, wọ́n tú bílíọ̀nù 125 náírà ti ọdún náà palẹ̀ fún aráàlú láti kà. Òfin òmìnira láti gba ìròyìn ti ọdún 2011 sì fún ẹnikẹ́ni láyè láti béèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba èyíkéyìí, láì sọ ìdí tó fi ń béèrè. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dá a lóhùn.