Ojú Fóònù àti Ojú Kámẹ́rà: Orí Idẹ Ifẹ̀ àti Ẹ̀rọ Tó Ń Yẹ Ojú Wò

Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo-ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ hú àwọn orí idẹ jáde. Àwọn orí náà kọjú síwájú gangan, ẹyinjú wọn sì ń dán. Kò sí ọmọlójú tí ọlọ́nà fín sí i. Síbẹ̀, ẹni tó bá dúró níwájú wọn yóò gbà pé wọ́n ń wo òun. Orí ló ń sọ ibi tí ojú ń wò. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì William Wollaston fi àwòrán ṣàlàyé irú ọ̀rọ̀ yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1824: ẹyinjú kan náà, tí a bá yí imú àti àgbọ̀n tó yí i ká padà, yóò dà bíi pé ó ń wo ibòmíràn.

Fóònù ló wá da ọ̀rọ̀ rú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ya sẹ́lífì níwájú Gbọ̀ngàn Odùduwà, ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kì í sábà wo ojú kámẹ́rà. Ojú fóònù, níbi tó ti ń rí ara rẹ̀, ló ń wò. Kámẹ́rà wà lókè, nítorí náà ojú rẹ̀ á rẹlẹ̀ nínú fọ́tò bíi ti ẹni tó wolẹ̀. Bí fóònù bá ṣe súnmọ́ ojú tó ni wíwolẹ̀ yìí ṣe ń hàn tó. Bí ó bá na ọwọ́ jìnnà, á dín kù.

Láyé fọ́tò ilé ayàwòrán, ẹnìkan wà tó ń sọ pé, “Wo ibí!” Stephen Sprague kọ̀wé nípa fọ́tò Yorùbá sínú ìwé ìròyìn African Arts ní 1978: àgbà jókòó, aṣọ ńlá tẹ́ rẹrẹ, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, ojú kọjú sí kámẹ́rà. Ọmọ tí kò gbọdọ̀ ranjú mọ́ àgbà láyè láti ranjú mọ́ kámẹ́rà, nítorí kámẹ́rà kì í ṣe àgbà ẹnikẹ́ni. Èyí ṣe pàtàkì gan-an lójú tèmi: ẹni tí à ń wò ló ń sọ bí ojú yóò ṣe wò.

Ẹ̀rọ kò mọ ẹni náà. Ní 2016, àwọn onímọ̀ tó ṣe àkójọ fọ́tò tí wọ́n pè ní GazeCapture lo fọ́tò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì àbọ̀, láti ara ènìyàn tó lé ní 1,450, láti fi kọ́ fóònù ní ibi tí ojú ń wò. Ibi tí ojú ń wò nìkan ni wọ́n kọ́ ọ. Wọn kò kọ́ ọ ní ìdí tí ojú fi lọ síbẹ̀. Ìwádìí Joy Buolamwini àti Timnit Gebru ní 2018 dá lórí bí ẹ̀rọ ṣe ń mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin, kì í ṣe lórí ibi tí ojú ń wò. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tí wọ́n rí lórí obìnrin aláwọ̀ dúdú dé ìdá 34.7 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ti ọkùnrin aláwọ̀ funfun kò ju 0.8 lọ. Ẹ̀rọ tó ń ṣi ojú wa mọ̀ báyìí, báwo ni a ó ṣe fi ọkàn wa lé e lọ́wọ́?

Wọ́n ń lo ẹ̀rọ tó ń tọ ibi tí ojú ń wò láti ṣọ́ ẹni tó ń ṣe ìdánwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ó sọ ìwọ̀n tí ojú fi yà kúrò lójú fóònù, mo gbà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a tọ́ ní Ifẹ̀, tí ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà bá ń bi í ní ìbéèrè lórí fídíò, yóò wolẹ̀ kó tó dáhùn. Bí ẹ̀rọ bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀, tàbí pé ó ń jíwèé wò, irọ́ ló pa mọ́ ọn; ènìyàn tó mọ ilé tí ọmọ náà ti jáde ló gbọ́dọ̀ ní agbára láti pa àkọsílẹ̀ náà rẹ́.