Àmì ® àti ™: ohun tí wọ́n ń sọ lára ọjà

Bí ẹni tó ń ṣe gààrí ní Ekinrin-Adde, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìjùmú, ìpínlẹ̀ Kogi, bá fún ọjà rẹ̀ lórúkọ, tó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé, ìyẹn lè fi ® sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà kí ọ̀rá ọjà lè dùn ún wò. Oore ni atẹ̀wé rò pé òun ṣe, ṣùgbọ́n ọrùn ọlọ́jà ni ẹjọ́ rẹ̀ yóò wà. Ohun tí ® ń sọ ni pé orúkọ náà ti wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ àmì òwò tó wà lọ́wọ́ ìjọba ní Àbújá. Òfin Àmì Òwò ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1965 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ tó ní owó ìtanràn, bí ènìyàn bá sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Àmì ™ kò wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ọlọ́jà kàn ń fi sọ pé òun ló ni orúkọ ni, kódà bí ìwé rẹ̀ kò tíì jáde. Nọ́ńbà NAFDAC tí ọ̀pọ̀ gbójú lé kò sì sọ orúkọ di ti ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá fẹ́ ® yóò fi orúkọ ránṣẹ́. Wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò, wọn yóò tẹ̀ ẹ́ jáde, oṣù 2 ni wọ́n sì fi sílẹ̀ fún alátakò. Ọdún 7 ni ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ ń lò, lẹ́yìn èyí ọdún 14, ọdún 14.

Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ gan-an ni àmì náà ń dáàbò bò. Ilé-iṣẹ́ Ferodo, tó ń ṣe ẹ̀yà bíréèkì ọkọ̀, pe Ibeto Industries lẹ́jọ́ pé páálí ọjà wọn jọ tòun. Ní 2004, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé ọ̀rọ̀ FERODO ni wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe àwọ̀ páálí, Ferodo pàdánù. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023 ti wá ka ìdìpọ̀ ọjà àti àpapọ̀ àwọ̀ mọ́ àmì òwò, ṣùgbọ́n ọlọ́jà ṣì gbọ́dọ̀ fi wọ́n sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Nínú lẹ́tà tàbí ìwé ìlò ọjà, ìgbà àkọ́kọ́ tí orúkọ bá jáde ni kí wọ́n fi àmì sí i, lókè lọ́wọ́ ọ̀tún. Bí ó bá wà ní gbogbo ìlà, ó ń sú òǹkàwé. Lórí kọ̀ǹpútà, nínú Microsoft Word, Ctrl, Alt àti R ń mú ® jáde, Ctrl, Alt àti T ń mú ™ jáde. Àmọ́ ® tí a gbà ní Àbújá kò kọjá ẹnubodè Nàìjíríà: ẹni tó bá ń kó gààrí lọ sí London gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ bí ó bá fẹ́ kí ìforúkọsílẹ̀ dáàbò bò ó níbẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ń fìyà jẹ ẹni tó bá fi irọ́ lò ó.