Oore Kékeré, Ẹ̀rí Ìgbàgbọ́

Ìwọ tí ń ka ìwé yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé àfi bí ènìyàn bá di ọlọ́rọ̀ tàbí ẹni ńlá ni ó tó lè ṣe oore. Wọn a máa wí pé, “Bí Ọlọ́run bá bùkún mi, n óò kọ́ ilé ìwòsàn, n óò sì rán àwọn ọmọ aláìní lọ sí ilé-ẹ̀kọ́.” Kí ọrọ̀ náà tó dé, aládùúgbò wọn ń fi ebi sùn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni Jésù Olúwa kọ́ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fi yé wọn pé omi tútù tí a bù fún ẹni kékeré pàápàá ní èrè lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Dọ́káàsì ará Jọ́pà ńkọ́? A kò kà á níbì kankan pé ó wàásù. Aṣọ ni ó ń rán fún àwọn opó, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ kò parun.

Kí a má baà wí pé ìyẹn jìnnà sí wa, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Ìbàdàn.

Ní ọdún 1827 ni a bí Anna Martin ní agbègbè Norfolk ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó wà ní kékeré nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Nígbà tí ó dàgbà díẹ̀ tí ó ń gbé ní ìlú Lowestoft, ó ń kó àwọn ọmọ aláìní jọ, ó sì ń kọ́ wọn. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: kí ó tó la òkun kọjá ni oore ti mọ́ ọn lára. Ní ọdún 1852 ó fẹ́ David Hinderer, ará Jámánì kan tí í ṣe òjíṣẹ́ ẹgbẹ́ C.M.S., ní ọdún 1853 àwọn méjèèjì sì dé Ìbàdàn, wọ́n fi Kúdẹtì ṣe ibùjókòó.

Ìlú àwọn jagunjagun ni Ìbàdàn nígbà náà. Àwọn òbí ń bẹ̀rù pé ìwé yóò sọ ọmọ wọn di ojo, nítorí náà wọn kò yára mú ọmọ wá. Ìjòyè kan, Olúńlóyọ̀, ni ó kọ́kọ́ fi ọmọ rẹ̀ méjì sílẹ̀, Akínyẹlé, ọkùnrin, àti Yéjídé, obìnrin. Kí ni Anna fi fa ọkàn àwọn ọmọ mọ́ra? Kì í ṣe ohun ìyanu. Ó kọ́ wọn ní orin, ó kọ́ wọn ní ìránṣọ, ó tọ́jú èyí tí ara rẹ̀ kò dá, bẹ́ẹ̀ ni ibà kò sì jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ gbádùn. “Ìyá” ni àwọn ọmọ ń pè é. Ẹni tí kò bí ọmọ kankan sáyé di ìyá ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Ṣùgbọ́n ìgbà ọ̀pọ̀ kọ́ ni a ń mọ olóore, ìgbà ọ̀wọ́n ni. Ní ọdún 1860 ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ìbàdàn àti Ìjàyè. Àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Kúrúnmí, olórí Ìjàyè, ọ̀nà tí ó lọ sí Èkó sì dí pa. Lẹ́tà kò wọlé dáadáa, ẹrù kò dé, owó ẹyọ tán lọ́wọ́ àwọn Hinderer. Wọ́n ta lára ohun èlò ilé wọn kí wọ́n lè rí oúnjẹ rà. Ronú sí i, ìwọ òǹkàwé: bí ó bá jẹ́ ìwọ ni, ìwọ kì yóò ha wí pé kí olúkúlùkù ọmọ máa bá tirẹ̀ lọ? Wọn kò fi àwọn ọmọ náà sílẹ̀. Díẹ̀ tí ó wà ni gbogbo ilé jọ ń pín jẹ. Àní nígbà tí a kó Ìjàyè ní ọdún 1862, wọ́n tún ra díẹ̀ nínú àwọn tí a kó lẹ́rú padà, wọ́n sì sọ wọ́n di ọmọ ilé.

Anna kò lè dá ogun náà dúró. Kò lágbára láti fòpin sí òwò ẹrú. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ká ni ó ṣe. Ní ọdún 1865, Glover tí í ṣe aláṣẹ Èkó rán ènìyàn wá mú un jáde nítorí àìlera rẹ̀. Ó tún padà sí Ìbàdàn lẹ́yìn èyí, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Wọ́n fi ìlú náà sílẹ̀ ní ọdún 1869, ó sì kú ní oṣù Júnì ọdún 1870, lẹ́ni ọdún mẹ́tàlélógójì. Iṣẹ́ náà kò bá a kú. Daniel Olúbí, ẹni tí ó bá wọn gbé láti ìbẹ̀rẹ̀, ni ó gba ìtọ́jú ìjọ Ìbàdàn. Akínyẹlé tí a mú wá ní kékeré dàgbà di olùkọ́ni nínú ìjọ.

Ẹ̀kọ́ wo ni ó wà nínú ìtàn yìí? Èkíní ni pé oore tí kò ná wa ní nǹkan kan kò tí ì tó ẹ̀rí ìgbàgbọ́. Ẹni tí ó jẹ àjẹyó tí ó fi èyí tí ó kù fún ẹlòmíràn ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dín ti ara rẹ̀ kù nítorí ẹlòmíràn ni ó tọ ipasẹ̀ Olúwa rẹ̀. Èkejì ni pé kì í ṣe oyè tàbí owó ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe oore nínú ohun kékeré yóò rí àwáwí nígbà tí ó bá ní ohun ńlá.

Nítorí náà, má ṣe dúró de ọjọ́ ọlà. Ọmọ kan ha wà ní kíláàsì rẹ tí kò mú oúnjẹ wá? Pín tìrẹ fún un, kí o má sì ròyìn rẹ̀ káàkiri. Wọ́n ha ń fi àlejò tí kò gbọ́ èdè yín dáadáa ṣe ẹlẹ́yà? Lọ jókòó tì í. Ìyá arúgbó ha ń sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà? Bá a gbé e. Ohun tí ọwọ́ rẹ bá ká lónìí ni Ọlọ́run ń béèrè lọ́wọ́ rẹ.