Ìtọ́jú Ìfarabalẹ̀ fún Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn

Ìtọ́jú ìfarabalẹ̀, tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ń pè ní MBCT, jẹ́ ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ 8 fún ẹni tí àrùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti ṣe rí, tára rẹ̀ ti mókun, kí àrùn náà má baà tún gbé e ṣánlẹ̀. Zindel Segal ní Toronto, pẹ̀lú Mark Williams àti John Teasdale ní Brítéènì, ló gbé e kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Orí ẹ̀kọ́ tí Jon Kabat-Zinn bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Massachusetts ní 1979 ni wọ́n gbé e lé.

Ìbànújẹ́ kékeré kì í tètè kọjá lára ẹni tí àrùn yìí ti ṣe léraléra. Á jí èrò àtijọ́: "Mi ò já mọ́ nǹkan kan." Onítọ̀hún á máa rò ó lárotúnrò, á ṣe bí ẹni ń wá ojútùú, àrùn á sì ti wọlé dé. Ẹ̀kọ́ yìí kì í bá èrò jà. Wọ́n á ní kó jókòó, kó fọkàn sí bí èémí ṣe ń wọlé tó ń jáde. Ọkàn á sá lọ dandan. Kó rọra fà á padà láìbá ara rẹ̀ wí. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa rí i pé èrò lásán ni, kì í ṣe òótọ́ nípa òun. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, èso àjàrà gbígbẹ ni wọ́n máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti wò, láti gbóòórùn, kí wọ́n tó rọra jẹ ẹ́. Ó jọ eré ọmọdé, àmọ́ iṣẹ́ ilé tó tẹ̀ lé e kì í ṣe eré.

Nínú ìwádìí tí Teasdale àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2000, èèyàn 145 ni wọ́n tọ́pa fún ọ̀sẹ̀ 60. Láàárín àwọn tí àrùn ti ṣe lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó padà sára ìdá 66 nínú 100 àwọn tí kò kẹ́kọ̀ọ́ náà, ṣùgbọ́n ìdá 40 péré láàárín àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tó ṣe lẹ́ẹ̀mejì péré kò jàǹfààní. Ní 2015, wọ́n fi wé oògùn láàárín èèyàn 424: lọ́dún méjì, àrùn padà sára ìdá 44 nínú 100 àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́, àti ìdá 47 àwọn tó ń lo oògùn. Kò borí oògùn bí wọ́n ṣe retí.

Bóyá ìfarabalẹ̀ gan-an ló ń ṣiṣẹ́ ṣì ń fa àríyànjiyàn. Nínú ìwádìí 2014 tí Williams darí, ẹ̀kọ́ mìíràn tí kò ní ìjókòó ìfarabalẹ̀ nínú fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba. Ó jọ pé àwọn tójú wọn rí màbo ní kékeré ló jàǹfààní jù.

Ní ti àìfọkànbalẹ̀, ẹ̀kọ́ Kabat-Zinn ni wọ́n fi wé oògùn escitalopram láàárín èèyàn 276 ní Amẹ́ríkà, èsì rẹ̀ tó jáde ní 2022 kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra.